Wọn Ò Sí Mọ́

Bí Alhaja Morufat bá ń bínú, ẹ yà fún un lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ìbínú ló fi ń jẹ, òun náà ló fi ń mu. Alhaja Modinat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, ló ń bínú sí. Ó ti kúrò ní Newmarket lọ́dọ̀ Fatimoh, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ti kó lọ sí Burlington lọ́dọ̀ Abdulhakeem, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò dágbére, kò sì pè láti sọ pé òun ti gúnlẹ̀. Morufat ní òun náà ò ní pè. Ẹni tó kó lọ ló yẹ kó pe ẹni tó kù sílé, àbí báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Àwọn méjèèjì jọ sá kúrò nílé nígbà ayé àwọn ṣọ́jà ni. Oníwèé ìròyìn ni ọkọ Modinat, wọ́n ń wá a kiri Ìbàdàn bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ọkọ Morufat ló fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà ń bọ̀ wá wo yàrá ẹ̀yìnkùlé náà, gbogbo wọn bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Toronto ni wọ́n já sí, nínú ilé gogoro kan ní ìtòsí Jane Street. Àwọn Ítálì ló kún àdúgbò náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń kó lọ sí Woodbridge lọ́kọ̀ọ̀kan. Opó Ítálì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Morufat sọ fún un nígbà náà pé òun nìkan ló kù nínú àwọn èèyàn òun. Morufat fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Ó ní kí ló dé tí kò bá wọn lọ.

Ẹ ì bá wá wo ilé yẹn nígbà tí Yorùbá kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá ń dín dòdò nísàlẹ̀, ará òkè á ti gbóòórùn rẹ̀, á sì gbé abọ́ sọ̀kalẹ̀ wá láìtijú. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á pé sí yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ilé fún àsálátù, bàtà á kún ẹnu ọ̀nà débi pé bàbá tó ń gbálẹ̀ ilé á máa ráhùn ní èdè tirẹ̀. Nígbà tó yá, rẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n wó ilé kan lápá ọ̀tún, wọ́n kọ́ kóńdò, ilé gogoro àwọn olówó, síbẹ̀, wọ́n tún wó èkejì. Zakariyya tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kó lọ sí Woodbridge, ó ní ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Kàfáyàtù ríṣẹ́ sí ọsibítù ní Newmarket. Àwọn kan gba Barrie lọ, àwọn kan gba Hamilton. Ogún ọmọdé kì í kúkú ṣeré fún ogún ọdún, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n parí eré náà. Bí wọ́n bá ti jókòó sí àsálátù tí wọ́n béèrè ẹnìkan, èsì kan náà ni: wọn ò sí mọ́. Wọ́n á ní, ẹn-ẹ́n, ibo ni wọ́n kó sí? Wọ́n á ṣe àdúà ráńpẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn arúgbó mélòó kan ló kù, yàrá náà sì tóbi jù wọ́n lọ. Ohùn ara wọn ló ń gbá ògiri padà wá bá wọn.

Morufat lè fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn ni ọ̀rọ̀ òkú. Òun àti Modinat ló ń wẹ òkú obìnrin fún àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó wà lágbègbè yẹn. Modinat á máa bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, Morufat á máa fọwọ́ wẹ̀. Bó bá sì ti ń wẹ̀ ẹ́, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pe olóògbé ní oríkì rẹ̀. Àṣàkẹ́, yí padà díẹ̀ fún mi. Àdùkẹ́, má bínú, ó ti ń tán lọ. Àáfà kan bá a wí lórí rẹ̀ rí, ó ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Morufat ní kí àáfà lọ wẹ ọkùnrin tirẹ̀. Ó ní bí òun ò bá pè é, báwo ni olóògbé yóò ṣe mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn rẹ̀ ló wà nílẹ̀ òtútù yìí?

Àwọn méjèèjì ti wá ṣàdéhùn tipẹ́: èyí tó bá kọ́kọ́ kú nínú wọn, èkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Modinat ti pe Fatimoh jókòó, ó ti sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun àfi Morufat. Ní ti Morufat, ọkọ rẹ̀ ti kú, Ọlọ́run ò sì fún un lọ́mọ. Modinat àti ilé Modinat ni ẹbí tó ní láyé. Bó bá ronú ikú, ọwọ́ Modinat ló máa ń rí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni onílé ní òun fẹ́ tún fúláàtì Modinat ṣe. Ẹni tó bá ti jáde fún àtúnṣe nínú ilé yẹn kì í padà wọlé, gbogbo wọn ló mọ̀. Fatimoh wá kó ìyá rẹ̀ lọ sí Newmarket. Lọ́jọ́ náà, Morufat ló bá a di ìkòkò, bó sì ti ń dì í ló ń bú u. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra. Abdulhakeem náà tún wá ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Burlington, pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, atẹ́gùn etí adágún á ṣe é lóore. Modinat ní òun ń rò ó. Morufat ní tó bá dán an wò, tó bá tún fi ẹsẹ̀ kan sún síwájú, òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Modinat rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá máa bú òun.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ Alàmísì tí Morufat pè é, tó jẹ́ Ayọ̀mipọ̀, ọmọ Fatimoh, ló gbé fóònù. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì. Láti kékeré, bí ẹ bá fi Yorùbá kí i, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá yín lóhùn, Morufat sì ti bú u lórí rẹ̀ títí ó fi sú u. Ó máa ń sọ fún un pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ọmọ ta ló ń jẹ́? Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Grandma Moru. Grandma ò sí mọ́."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Morufat rò pé èdè ló ń ni ọmọ náà lára, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wò. Ìgbà tó wá gbé e wò, àyà rẹ̀ já. Modinat ti ṣe é. Ó ti kó lọ.

"Kò sí mọ́ kẹ̀? Ṣé Burlington náà ni?"

"Yes, ma. Burlington. Uncle ti wá gbé wọn. Mummy ní kí n sọ fún yín kí ẹ máa bọ̀."

Kí òun máa bọ̀! Wọn ò bi òun léèrè kí wọ́n tó kó lọ, wọ́n wá ní kí òun wá kí wọn kú ilé tuntun. Ó gbé ìbínú náà mì, torí ọmọ náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Sọ fún Mummy ẹ pé kí Grandma kọ́kọ́ sinmi. Tó bá ti ráyè, kó pè mí." Ó sì fi kún un pé Yorùbá rẹ̀ ti dára, pé kó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní "Okay," ó gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, Fatimoh pè. Morufat rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, ó ní ọgbọ́n Modinat nìyẹn, ó ti ń fi ọmọ bẹ òun. Kó pe òun fúnra ẹ̀. Fatimoh tún pè, kò gbé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ará àsálátù bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti Barrie, láti Hamilton, láti ibi tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ń gbé. Ó ní áà, ó ti gbé ẹjọ́ òun dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ó da ojú fóònù bolẹ̀, ó lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ò rí nǹkan. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn díẹ̀ pé wọ́n ń bẹ òun tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Kàfáyàtù pè, ó sì gbé tirẹ̀ nítorí ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í dá sí ìjà. Kàfáyàtù ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Auntie."

Ẹ̀rín pa Morufat. Ó ní ṣé nítorí Burlington ni wọ́n fi ń kí òun kú ara fẹ́ra kù, bí ẹni pé èèyàn kú? Kàfáyàtù ò rẹ́rìn-ín. 

"Auntie," ó wí, "àná la sin wọ́n."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀mipọ̀ kúkú dé inú Morufat, ó sì di odindi, àmọ́ odindi mìíràn ni. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó sunkún, ó fọwọ́ lu itan rẹ̀, ó bú Modinat, ó bú Burlington, ó bú onílé, kò sì sí ẹnìkan ní àjà náà tó lè kan ilẹ̀kùn béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ò mọ orúkọ rẹ̀. Bó ti ń sunkún, ó rí gbogbo rẹ̀ kedere. Modinat ti dúró dè é. Òun sì jókòó sílé, òun ń ṣakọ.

Ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Kàfáyàtù wá gbé e lọ sílé Abdulhakeem. Láti Jane títí dé Burlington, àlàyé kan ṣoṣo ni Morufat ń tò lẹ́nu. Yóò sọ fún Fatimoh pé ọmọ yẹn ò sọ ọ́ dáadáa, pé èdè ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, pé ká ní ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ì bá fẹsẹ̀ rìn dé Burlington. Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọ́n á jọ sunkún, Fatimoh á dárí jì í, ẹbí á ṣì jẹ́ ẹbí. Ó tò ó títí ó fi rọrùn láti sọ.

Fatimoh kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gbójú sókè. Ó ní àwọn dúró de Auntie ní Burlington níbí, níbi tí Abdulhakeem gbé òkú wá láti sin. Ó ní àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù, ọ̀rẹ́ màmá òun ń bọ̀. Wọ́n ní sùúrù títí àkókò fi fẹ́ lọ, wọ́n bá wẹ Màmá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ọwọ́ wọn tutù, wọn ò kàn mọ Màmá ni. Wọ́n béèrè orúkọ, wọn ò lè pè é.

"Ẹ ní kí Màmá mi kọ́kọ́ sinmi," Fatimoh wí. "Ẹ ní tí wọ́n bá ráyè, kí wọ́n pè yín."

Gbogbo obìnrin inú pálọ̀ ti ń wò wọ́n. Morufat la ẹnu láti mú àlàyé rẹ̀ jáde, àmọ́ Ayọ̀mipọ̀ tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Ojú ọmọ náà ti wú fún ẹkún.

"Mummy, maybe I said it wrong," ó ní. "My Yoruba isn't—"

Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà. Morufat náà wò ó. Kí ló sọ gan-an? Ó ní Grandma ò sí mọ́. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn ní Ìbàdàn, gèlè á já lórí rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Yorùbá gidi ni, irú èyí tí òun ti ń bú u láti kékeré pé kó máa sọ. Òun àgbà ni kò gbọ́ ọ mọ́. Òun ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kó lọ títí etí òun fi yí padà. Bí òun bá sì sọ àlàyé yẹn jáde níbí, ọmọ yìí á gbé e kiri títí ayé rẹ̀ pé ẹnu òun ló gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ kúrò lára ìyá àgbà òun.

"O sọ ọ́ re, ọmọ mi," Morufat wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Fatimoh tó gbójú sókè. Ó wo Morufat pẹ́, ó dà bí ẹni ń retí kó fi nǹkan kan kún un.

"Ó yé yín nígbà tó sọ ọ́, Auntie?"

Morufat fẹ́ ké pé kò yé òun. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó yé mi," ó ní.

Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Àwọn obìnrin sún fún un kó rí àyè jókòó, wọ́n sì sún jìnnà ju bó ti yẹ lọ. Fatimoh dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa, Auntie," ó ní. "Ọjọ́ tí tiyín bá dé, àwa náà á gbọ́, á sì yé wa bó ṣe yé yín."

Ó sì lọ sí kíṣìnì lọ bu oúnjẹ fún àwọn àlejò.