Oògùn Tí Wọ́n Ṣì Ń Dán Wò

Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n fún ọkọ mi ní oògùn yìí, tó sì gba ibẹ̀ lọ ńkọ́? Tí mo bá sì ní kí wọ́n má fún un, tó wá… Rárá. Jẹ́ kí n tún un rò. Mo ti tún un rò títí, orí mi ń hó bí ilé oyin.

Dókítà ṣe sùúrù fún mi lánàá. Ó ní abẹ́rẹ́ ti pa kòkòrò tó fa òtútù àyà ọkọ mi, ìyẹn ti parí. Ìjà tí ara rẹ̀ bá kòkòrò náà jà ni kò parí. "Olè ti sá lọ, Màmá, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ṣì ń yìnbọn nínú ilé." Ẹ̀dọ̀fóró ló fara gbọgbẹ́. Ó wú, omi wọ̀ ọ́, èémí ò rọ́nà. Oògùn kan wà tí wọ́n ṣì ń dán wò, inú mùdùnmúdùn egungun ẹni tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ti ń fà á. Ó lè pẹ̀tù sí wíwú náà. Ó lè má ṣe nǹkan kan. Ó sì tún lè — ó ní òun ò ní purọ́ fún mi. Àwọn kan á gba oògùn gidi, àwọn kan á gba omi oníyọ̀ lásán kí wọ́n lè fi wọ́n wéra, òun pàápàá ò ní mọ ẹni tó gba èwo.

Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débẹ̀ lórí fóònù. "Ìyàwó, ọmọ tí mo bí, wọn ò ní fi í kọ́ṣẹ́." Àbúrò ọkọ mi ní, "Àǹtí, ẹ má dá màmá lóhùn. Ẹ gbà." Kálukú sọ tirẹ̀, wọ́n pa fóònù. Ó wá ku èmi.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe oorun… oorun á tán tí mo bá sùn. Àga oníke yìí ti mọ ìdí mi ju bẹ́ẹ̀dì ilé lọ. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi ń dún pìn, pìn. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, màá yára wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Ká ní ẹnìkan lè gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi…

Ọkùnrin dáadáa ni ọkọ mi. Káfíńtà tí kì í rẹ́ oníbàárà jẹ. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Ó tọ́jú ìyá rẹ̀, ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ —

Irú ọ̀rọ̀ wo nìyí? Ṣebí ọ̀rọ̀ ojú oórì nìyí?

Ó ṣì wà níbí. Lánàá, oògùn oorun gbé e lọ, ìyẹn ni dókítà ṣe bá èmi sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ní kó gbé apá, ó gbé e. Ojú rẹ̀ ló là lókè ìbòmú afẹ́fẹ́ yìí, èmi ló ń wò. Ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀, èmi… à ń pín in láàárín ara wa bí ogún. Kò sẹ́ni tó bi í.

Mo sún àga mọ́ ọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà gbóná. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ ni màá sọ ọ́ fún un, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Tó bá mi orí pé rárá ńkọ́? Ẹ̀rù tuntun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí, àwa méjèèjì ló máa bà pọ̀.