Ìsìnkú Tí Wọ́n Fi Pa Mọ́ fún Mọ́ṣádé

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ̀ pé ìyá àgbà Mọ́ṣádé ti kú, àfi Mọ́ṣádé nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò. Wọ́n gbàgbé Ràmọ́tà, ọmọ kíláàsì kejì tó máa ń ti ilé wá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ayépé, ó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó sì bá Mọ́ṣádé nídìí ẹ̀rọ omi.

"Síníọ̀ Mọ́ṣádé, fọ́tò ìyá yín àgbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì mà dáa o! Orúkọ yín náà wà níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ-ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀. Wọ́n ní Sátidé yìí ni ìsìnkú."

Garawa bọ́ lọ́wọ́ Mọ́ṣádé. Ìgbà náà ni Ràmọ́tà wo ojú rẹ̀, tó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni. Màmá mi á pa mí."

Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ mọ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo ayé máa kà á, wọ́n wá ní kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ má gbọ́. Nítorí kí ni? Ìdánwò àṣewò ìwé mẹ́wàá wà ní ọ̀sẹ̀ náà, kọ́nsáàtì ọdọọdún sì bọ́ sí ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an, Mọ́ṣádé ló sì máa dá orin kọ. Báyìí la ṣe máa ń ṣe é nílẹ̀ wa: a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó ń ṣèdánwò, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Bí ẹni pé kò ní í dàrú lọ́jọ́ tó bá padà gbọ́!

Ìyá àgbà yìí, Susannah lorúkọ rẹ̀, ló tọ́ Mọ́ṣádé ní Ayépé títí ó fi tó ọmọ ilé ìwé. Ìdí ààrò ló ti kọ́ ọ lórin, bí ìkọ́kọrẹ́ bá ń hó lọ́wọ́, tí ìyá á máa ju orógùn sókè-sódò bí ohùn ọmọ bá ti ṣìnà. Nǹkan kan ṣoṣo ni Mọ́ṣádé ń fẹ́ báyìí: kó fojú kàn án kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gbààyè lọ sìnkú ẹni tí wọ́n ní kò tíì kú?

Ó lọ bá mátírọ̀nì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ lọ kí ìyá mi àgbà lọ́jọ́ Sátidé."

Obìnrin náà ṣe bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. "Lọ́jọ́ kọ́nsáàtì? Ara wọn le koko. Ẹ máa ríra bí ẹ bá gba họlidé."

"Ẹ ti rí wọn ni, mà?"

"Lọ kàwé rẹ, jàre!"

Aago kì í fún èèyàn láyè ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn. O ò tíì bọ́jú tán, wọ́n ti lù ú fún àdúrà. O ò tíì gbé oúnjẹ mì, wọ́n ti tún lù ú. Bí ẹkún bá gbọ̀n Mọ́ṣádé, kò síbi tó fẹ́ ti sun ún. Yàrá kún fún èèyàn, ilé ìwẹ̀ pàápàá, wọ́n á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìdánwò ìṣirò, ohun tó ń rò ni pé ṣé inú yìnyín ni wọ́n tẹ́ ìyá sí báyìí, ìyá tí kì í lè sùn lásìkò ọyẹ́. Ṣé òkú máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì sunkún òun? Kò rí ẹni bi. Ikú ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Ọ̀gbẹ́ni Harold Adélékè, tísà orin, ló wá bà á jẹ́ pátápátá. "Mọ́ṣádé! Orin ayọ̀ ni o! Kí ló dé tó ò ń kọ ọ́ bí ẹni tí òkú kú fún?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ge ètè jẹ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì tó wà lójú ara rẹ̀. Inú bí Mọ́ṣádé débi pé díẹ̀ ló kù kó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Matilda, ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tísà ní Odogbolu, gbé dòdò àti ẹran díndín wá.

"Mọ́mì, ìyá àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní kó o kọrin dáadáa."

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ kí n rí wọn. Màá padà láàárọ̀ ọ̀la."

"Ìwé rẹ ni kó o gbájú mọ́."

Ó ṣe é bíi kó pariwo pé irọ́ ni. Ta ló sì ń wo ojú ìyá rẹ̀ kó sọ pé ó purọ́? Ó kúnlẹ̀, ó gba abọ́, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ò ní í dárí èyí jì í láéláé.

Lọ́jọ́ Sátidé, bó ṣe ń bá wọn to àga sínú gbọ̀ngàn ni ọkàn rẹ̀ wà ní Ayépé. Wọ́n á ti gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Wọ́n á ti gbé e jáde. Wọ́n á ti máa da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ó ti bọ́, kò ní í rí i mọ́, ìbínú yẹn ló sì gbé gun orí pèpéle nígbà tí wọ́n pè é.

Ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀ tó ń yọ́ wọlé, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Aṣọ aláwọ̀ òféèfèé ló wọ̀, ó kun pàúdà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ojú rẹ̀ wú lábẹ́ pàúdà náà. Mọ́ṣádé tẹjú mọ́ ọn. Látọjọ́ Mọ́ńdè tó ti ń bínú, kò rò ó rí pé ìyá àgbà òun, ìyá ẹnì kan ni.

Ó kọrin náà. Kò mọ bó ṣe kọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, ó sì já gba àárín èèyàn lọ bá ìyá rẹ̀ lóde.

"O ṣe é!" Ohùn Matilda ti há. "Màá sọ fún ìyá àgbà. Inú wọn á dùn."

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, níwájú àwọn òbí tó ń kọjá. "Mọ́mì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Ẹ̀rín kúrò lójú Matilda. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Mi ò ráyè sunkún ìyá mi, Mọ́ṣádé," ló wí. "Mò ń sáré kí n tètè dé kọ́nsáàtì."