Ìdajì Adìẹ Tí Mi Ò Tà

Ẹ má bínú bí mo bá ń fọ́nnu, ọmọ mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni kó máa wo ohun tó ń lọ tó sì ń padà wá: òjò, ọ̀dá, eéṣú, iye ọjà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń sin adìẹ gbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Olóyì. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wo ohun tó ń yí, òyì ni yóò kọ́ ọ.

Lọ́dún kan, ẹyin pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́. Oníkálukú ń ta adìẹ rẹ̀ fún àwọn tó ń pa wọ́n. Èmi náà pe ọlọ́kọ̀. Olóyì sì dí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ.

"Màámi, ẹ má tà wọ́n. Nígbà tí ẹyin wọ́n, gbogbo yín lẹ jọ ra òròmọdìẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹyin pọ̀. Ẹ tún jọ ń tà báyìí. Adìẹ ta ló máa wá yé ẹyin lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Kí ni wọ́n máa jẹ dìgbà náà? Ìwé ẹ?" Inú ń bí mi gan-an. Ilé adìẹ yẹn ni mo fi rán an níwèé, bó bá bàjẹ́, mi ò ní òmíràn.

"Ẹ jẹ́ ká ta ìdajì, ká fi bọ́ ìdajì."

Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Mo gbà, ẹgbẹ́ sì fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Kí ọdún tó yípo, ẹyin di ohun àwátì. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wá tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Orí mi wú! Ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo dìde, mo ní mò ń kọ́ ilé adìẹ mẹ́ta sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidi, ni àwọn náà bá ń kígbe pé àwọn ti lọ béèrè òròmọdìẹ.

Mo bojú wẹ̀yìn. Olóyì tó bá mi wá kò pàtẹ́wọ́, ó kàn ń wò mí. Mo rántí ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

"Ẹ dúró ná," mo ní, "mi ò kọ́lé kankan mọ́. Ọmọ mi, wá síwájú."

Mo lọ jókòó sórí àga tí ọmọ mi dìde lórí rẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti ń wo ohun tó ń yí," ló fi bẹ̀rẹ̀, "mi ò tíì rí ẹni tó rí i pé òun náà ń bá a yí, kó sì dúró. Àfi màmá mi."