Ó Gun Kẹ̀kẹ́ Bí Ẹni Gun Igi

"Páàkì," ni Benjamin tún wí. "Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ pupa mi nínú páàkì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé páàkì o. Ibẹ̀ ni máàkì wà."

Mùsílíù tún gbólóhùn náà sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ń fi kẹrosíìnì fọ epo ẹ́ńjìnì kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fà gòkè ní Èbúté Ìkòròdú ni wọ́n dúró sí. Aago méjìlá ti fẹ́ lù, aago kan sì ni ìdánwò. Ọdún kẹtàlá rèé tí Mùsílíù ti ń tún ẹ́ńjìnì ṣe létí ọ̀sà yẹn. Ẹ́ńjìnì tí gbogbo ayé ti sọ pé ó kú, bí ó bá fọwọ́ kàn án, á tún dún. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tó ṣe sí i, ẹ ó rí ọkùnrin tó ń ṣe bí ẹni kó ẹ̀bà gbígbóná sẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀, Waliyah, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó láti ọdún mẹ́ta, òun àti Hasanat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Mùsílíù kò lè lọ bá wọn àfi bó bá yege ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dùn ún. Àmọ́ ohun tó ń dùn ún jù kò sí nínú ìwé físà kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Hasanat nígbà tó lọ. Ó ti di ọmọ ọdún méje báyìí, Yorùbá sì ti ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì á máa rọ́ bí òjò. Mùsílíù á ní "yẹ́ẹ̀sì", á ní "gúùdù gẹ́ẹ̀lì", ọmọ á dákẹ́ díẹ̀, á ní òun ń gbé fóònù fún Mọ́mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ìdí rèé tó fi lọ bá Benjamin, ọmọ ilé Ògúnsànyà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé nítòsí èbúté. Ọmọkùnrin náà kọ ìdáhùn mẹ́sàn-án sínú ìwé, ó ní kí Mùsílíù há gbogbo rẹ̀ sórí. Ti kẹ̀kẹ́ ni ìkẹrin.

"Tíṣà," ni Mùsílíù wí, "ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí mi sí, kò sọ́mọ tó gun kẹ̀kẹ́ nínú páàkì. Mọ́tò á tẹ̀ ẹ́ pa."

"Òyìnbó ò mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà kà á bó ṣe wà."

Inú yàrá tútù kan lẹ́yìn gáréèjì ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Obìnrin òyìnbó onírun funfun kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó kí i, ó bi í lórúkọ, ó bi í nípa òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ o, àwa la ń fi Yorùbá rò ó fún yín. Mùsílíù dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìgbà yìí ni obìnrin náà bi í bóyá ó gun kẹ̀kẹ́ rí nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Mùsílíù kúrò lórí àga. Ìkẹrin! Ó kà á wéréwéré bí ọmọ ilé kéú ṣe ń ka wàláà: ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló ra kẹ̀kẹ́ pupa fún òun, inú páàkì lòun sì ti ń gùn ún.

Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. "Báwo ni páàkì yẹn ṣe rí? Kí ló wà níbẹ̀?"

Èyí kò sí nínú ìwé Benjamin. Mùsílíù wá inú orí rẹ̀ kiri, páàkì kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ló sì rí.

"Mọ́tò," ló wí. "Mọ́tò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn agbèrò náà wà níbẹ̀, wọ́n ń pariwo."

Òyìnbó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀?"

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Èyí tó yá lọ́wọ́ Benjamin ti fẹ́ já bọ́ nídìí Mùsílíù lójú àlejò. Ó rí i pé bí obìnrin yìí bá tún fi lè kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó parí nìyẹn.

"Rárá, mà. Kò sí kẹ̀kẹ́ pupa. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni. Dúdú ni, ó ga jù mí lọ. Mo kíláìmù ún."

"Kíláìmù?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bóyá ráìdì lẹ fẹ́ sọ."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Gígùn tí Yorùbá ń gun igi náà ló ń gun ẹṣin, òun náà ló ń gun òkè, òun náà ló ń gun kẹ̀kẹ́. Òyìnbó ló pín in sí wẹ́wẹ́: kíláìmù ni ti igi, ráìdì ni ti kẹ̀kẹ́. Benjamin ti kìlọ̀ èyí fún un títí ó fi sú u. Mùsílíù la ẹnu láti tọrọ àforíjì, àfi bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe yọ sí i lọ́kàn, tó fẹ̀yìn ti ògiri ilé wọn lókè Ẹ̀pẹ́.

"Rárá, mà," ló wí. "Mo kíláìmù ún ná, kí n tó ráìdì."

Ló bá dìde dúró láti fi hàn án. Ó ní òun gun ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, òun gun irin àárín, òun fi orúnkún di ìjókòó mú bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń gun ọ̀pẹ. Bóun ṣe jókòó tán, kẹ̀kẹ́ fi ògiri sílẹ̀. Òkè ni ilé wọn wà, ìsàlẹ̀ ni ọ̀sà. Kò mọ ohun tí òyìnbó ń pe geere, ló bá fọwọ́ ṣe é lójú afẹ́fẹ́. Ó ní òun wá bíréèkì, òun rí nǹkan kan, òun tẹ̀ ẹ́, agogo kẹ̀kẹ́ ni. Òun tún tẹ̀ ẹ́. Báyìí lòun ṣe ń lu agogo sọ̀kalẹ̀, tí àwọn tó ru ẹja ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, títí òun àti kẹ̀kẹ́ fi wọ inú ọ̀sà.

"Bàbá mi bọ́ sínú omi," ló wí. "Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé jáde. Ó yẹ ṣéènì rẹ̀ wò dáadáa kó tó rántí pé òun bímọ."

Àná àti òní ń lu ara wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró là wọ́n níjà. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó bi í bóyá ó tún gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

"Lọ́jọ́ kejì."

Obìnrin náà wo aago, ó ní àkókò ti kọjá láti bí ìṣẹ́jú méjì, èsì á jáde lọ́jọ́ kẹta.

Inú Mùsílíù ń dùn bó ṣe jáde sí títì, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ayọ̀ náà ṣe. Kò pe Benjamin. Waliyah ló pè, Hasanat ló gbé e.

"Mọ́mì ń kírun," ni ọmọ náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Dádì, ṣé ẹ páàsì?"

"Mi ò tíì mọ̀. Wọ́n bi mí nípa kẹ̀kẹ́. Mo ní mo kíláìmù ún."

"Èèyàn kì í kíláìmù kẹ̀kẹ́, Dádì. Ráìdì ni wọ́n ń sọ."

"Èyí, mo kíláìmù ún."

Ọmọ náà dákẹ́. Mùsílíù mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì ti ń retí ohun tó máa ń tẹ̀lé e.

"Báwo ló ṣe ga tó?" ni Hasanat bi í.

Ó gbọ́wọ́ sókè láàárín títì láti fi gíga rẹ̀ hàn án, ó gbàgbé pé ọmọ kò rí òun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìdí ògiri. Ọmọ ń bi í léèrè, ó ń dáhùn, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá ti tán, ọmọ á bá a fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀rù ọmọ yìí gan-an ló ti ń bà á láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ti òyìnbó kankan.

Ó gbọ́ ohùn Waliyah lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń ní kí wọ́n gbé fóònù wá.

"Ẹ dúró ná, Mọ́mì," ni Hasanat wí. "Dádì ṣì wà nínú omi."

Mùsílíù jókòó sí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì. Kò kánjú àtijáde nínú omi náà.