Àsíá Tí Ọ̀gá Gbá Mọ́ra

"Ìnuwọ́ dà? Mo ní ìnuwọ́ dà!"

Ọ̀gá kò tíì jókòó dáadáa sẹ́yìn mọ́tò tó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ṣèèṣì ki ọwọ́ bọ ìgbẹ́. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sáré bọ́ sídìí ọkọ̀. Níta, àwọn èrò ṣì ń lu ara mọ́tò, wọ́n ń pariwo "Tiwa ni! Tiwa ni!" Bí dígí dúdú ṣe ń gòkè ni ẹ̀rín ojú Ọ̀gá ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí dígí fi máa pa dé, ojú rẹ̀ ti le kankan.

"Ó ti tán, sà," ni akọ̀wé rẹ̀ tó jókòó níwájú dáhùn. Ó ti tú gbogbo inú báàgì tán. "Èyí tí ẹ lò nígbà tí wọ́n sinmi láàárín eré bọ́ọ̀lù ló kẹ́yìn."

"Ó tán? Ṣé o ò mọ̀ pé èèyàn ni mo fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ ni? Gbogbo wọn ló ń làágùn! Bàbá arúgbó yẹn ló tún burú jù. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọwọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò! Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe ná?"

"Aránbàtà ni, sà. Bàbá Alásíá ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣèyọnu, sà, fọ́tò yẹn máa dáa gan-an. Òun tó ń gbé àsíá fún yín, ẹ̀yin tí ẹ gbá àsíá mọ́ra. Bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ bá ti rí i, wọ́n ti dìbò tán nìyẹn."

Bàbá Alásíá ni bàbá tó bí Awakọ̀ lọ́mọ.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú náà lè máa rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán ni. Rárá o. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ awọ ló dá Ẹgbẹ́ Ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bàtà iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ọ̀gá wọn, tí ilé wọn wà lórí òkè níbi tí òórùn awọ kì í dé, ló dá Ẹgbẹ́ Òkè sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ léèrè ẹgbẹ́ tó wù ú. Àdúgbò tí wọ́n bí i sí ti bá a yàn án, ó sì ti bá a yan ẹni tí yóò máa dìbò fún mọ́ ọn. Tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, ńṣe ni gbogbo ọmọ Òkè máa ń fi ìka di imú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á ní àwọn oníṣẹ́ awọ ti ń rùn bọ̀.

Orí Òkè ni wọ́n bí Ọ̀gá sí, dídi imú yẹn ló sì fi dàgbà. Ìgbà tó wá fẹ́ dupò, tó wò ó pé èrò Ìsàlẹ̀ pọ̀ ju ti Òkè lọ fíìfíì, ló bá ra jẹ́sì wọ̀, ó ní láti inú oyún ni òun ti ń ṣe Ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi ná, inú oyún! Wọ́n sì gbà á gbọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tiwa fẹ́ jẹ oyin o, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń sunkún nítorí ẹnu àáké.

Àsíá náà wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ló bẹ Bàbá pé kó yá wọn lò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè fi ya fọ́tò míì nílé Ọ̀gá. Aṣọ funfun ni, wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè gbá a létí yíká. Ìyá Awakọ̀ ló fọwọ́ rán an kó tó di pé ó ṣaláìsí. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọ̀ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó yọ ọ́ lára igi rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀gá, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Awakọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń wò wọ́n.

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí nǹkan kan. Ló bá fa àsíá, ó fi nu ọwọ́. Ó nu àtàǹpàkò, ó nu àárín ìka gbogbo, ó nu ẹ̀yìn ọwọ́. Ìgbà tó ṣe ìyẹn tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú èrò, ojú bàtà rẹ̀ tó ń dán ti họ. Ó fi àárín àsíá, ibi tó funfun jù, ra bàtà ọ̀tún, ó ra tòsì, ó wá sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Òórùn awọ ò lè kúrò lára àwọn èèyàn yìí láéláé," ló wí. "Kódà aṣọ wọn ń rùn. Àbí irọ́ ni mo pa, awakọ̀?"

Ojú Awakọ̀ àti ojú Ọ̀gá ṣe mẹ́rin nínú dígí. Akọ̀wé ti fi ìka di imú, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́.

"Òótọ́ ni, sà," ni Awakọ̀ dáhùn.

Tùẹ̀! Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde o, kò sẹ́ni tó yọ idà sí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ló ti parọ́ fún wọn pé ẹ̀yìn Òkè lòun ń gbé, irọ́ náà sì ti mọ́ ọn lára bíi ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fún un. Ó kórìíra ojú Ọ̀gá nínú dígí, ó kórìíra ẹ̀rín akọ̀wé, àmọ́ ohùn ara rẹ̀ ló kó o nírìíra jù. Ìgbà tí wọ́n dé ilé, Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Fọ ọkọ̀ yìí dáadáa kóo tó lọ," ló wí. "Kóo sì ju ẹ̀gbin yẹn nù. A ó ra tuntun fún bàbá yẹn, kò ní mọ̀yàtọ̀."

Awakọ̀ ká ẹ̀gbin náà sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Bàbá lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, níbi tó ti ń rán bàtà. Àwọn aládùúgbò méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ni Gólì, tó jẹ́ aṣọ́lé bọ́ọ̀lù fún Ẹgbẹ́ Ìsàlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Èkejì ni Ìyá Aláṣọ tó ń ta àkísà ìránṣọ. Orí fóònù Ìyá Aláṣọ ni fọ́tò wà, gbogbo wọn kó orí jọ lé e.

"Ẹ wò ó bó ṣe gbé e sáyà bí ọmọ ìkókó!" ni Ìyá Aláṣọ ń wí. "Mo sunkún o. Ẹni ńlá bẹ́ẹ̀!"

"Ó ní òun ò jẹ́ fọ ọwọ́ tó fi bọ̀ mí lọ́wọ́," ni Bàbá wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà kún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò pa dé fún ẹ̀rín. "Àbẹ́ ò rí i, ọmọ mi ló sì ń wà á kiri!"

"Òun náà rèé!" Gólì fi àyè sílẹ̀ fún Awakọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Àgbà dírẹ́bà, wá jókòó. Ìwọ tóo wà nínú mọ́tò, sọ fún wa. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ló sọ nípa wa?"

Awakọ̀ ò jókòó. Ó na láílọ́ọ̀nù sí Bàbá. Bàbá tú u, ó gbọn àsíá sílẹ̀ kí àwọn aládùúgbò lè rí i. Àbàwọ́n dúdú ràgàjì ló wà láàárín rẹ̀. Bàbá wò ó. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì tètè dá a padà sí bó ṣe wà.

"Ẹrẹ̀ ni," ló wí. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́, ó mú ìgò kẹrosíìnì, ó fi rin àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ibẹ̀.

"A ń bi ọ́ o," ni Gólì wí. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹ ń rùn."

"Ta ló ń rùn?"

"Gbogbo yín. Ó fi àsíá yẹn nu ọwọ́ tó fi bọ̀ yín lọ́wọ́. Ó wá fi nu bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e títí a fi délé."

Ìyá Aláṣọ wo Gólì, Gólì wo Bàbá. Bàbá ò gbójú sókè lórí ohun tó ń nù.

"Irọ́ ló ń pa," ló wí.

"Bàbá!"

"Mo ní irọ́ ló ń pa. Ẹrẹ̀ pápá nìyí. Ó ti ń bá àwọn ará Òkè gbé pọ̀jù, ó ti di tiwọn. Ẹ má dá a lóhùn."

Ìyá Aláṣọ pòṣé. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́ á gbàgbé ilé. Gólì fojú tẹ́ńbẹ́lú Awakọ̀ láti òkè délẹ̀, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Aláṣọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Awakọ̀ dúró síbẹ̀, òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo iwájú ilé.

"Bàbá, ẹrẹ̀ kì í fẹ́ kẹrosíìnì. Omi ni wọ́n fi ń fọ ẹrẹ̀."

"Mo mọ̀." Bàbá ń nù ún lọ. "Pólíìṣì dúdú ni, èyí tó wọ́n. Mo ti mọ òórùn rẹ̀ kí n tó mọ ìyá ẹ."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì pè mí ní òpùrọ́ lójú wọn? Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ̀yin ti so tèmi mọ́dìí Ọ̀gá lójú ayé!"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Àná ni gbogbo ayé rí mi tí mo ń sunkún lé e léjìká. Kí n wá sọ lónìí pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ẹ ló fi ń nu bàtà? Níbo ni màá gbé ojú sí?"

"Ìbò ńkọ́?"

"Màá dì í fún un."

Awakọ̀ na ọwọ́ sí àbàwọ́n náà. "Ẹ máa dì í fún un! Lẹ́yìn èyí!"

"Ta ni kí n wá dì í fún? Ẹni tí Òkè fà kalẹ̀? Ìyẹn ń di imú sí wa ní gbangba. Èyí ń di tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń di imú ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rù wa ṣì ń bà á. Ẹ̀rù yẹn ló lè jẹ́ kó tún ọ̀nà wa ṣe."

"Ọ̀rọ̀ yìí rí mi lára, Bàbá. Ẹ dákun."

"Ó rí èmi náà lára. Ṣóo rò pé kò rí mi lára ni?" Bàbá sinmi ọwọ́. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìwọ alára ńkọ́? Ìgbà tó ní a ń rùn, kí lo sọ?"

Awakọ̀ wo ilẹ̀. Ó wo àwọn bàtà tí Bàbá tò sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

"Mo ní òótọ́ ni."

Bàbá rọra mi orí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Awakọ̀. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò Awakọ̀, akọ̀wé ni.

"Níbo lo wà? Ọ̀gá fẹ́ jáde!"

"Mo wà nílé bàbá mi, ní Ìsàlẹ̀," ni Awakọ̀ dáhùn. "Bàbá Alásíá, aránbàtà yẹn. Òun ni bàbá mi. Ẹ sọ fún Ọ̀gá pé mò ń mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa wà wọ́n."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó pa fóònù. Bàbá ti ki àsíá bọ omi nínú ike, ó ti ṣan án. Àbàwọ́n náà ò lọ tán. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó rí ràkọ̀ràkọ̀.

"Wá di ìdí ẹ̀ mú," ni Bàbá wí, "ká fún omi jáde lára ẹ̀."

Awakọ̀ ká apá ṣẹ́ẹ̀tì funfun sókè, ó dì í mú. Bàbá lọ́ ọ sọ́tùn-ún, òun lọ́ ọ sósì, omi tó ń ta sánsán kẹrosíìnì ṣàn bọ́ sí wọn lápá.

"Òórùn yìí ò ní tètè kúrò lọ́wọ́ ẹ o," ni Bàbá wí.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ bọ Ọ̀gá lọ́wọ́ kí n tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ wọn."

Bàbá wò ó títí. Ó fi àsíá kọ́ okùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìgò kẹrosíìnì, ó ní kó na ọwọ́ wá, kí òun da díẹ̀ kún un.