Ọkọ̀ Yín Yóò Dé ní Aago Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀dà tuntun ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà wọ ilé iṣẹ́, kó sì tó di ọ̀sán, ó ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Alámì.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe ọ̀ṣọ́ sí lẹ́tà orí ímeèlì fún ẹgbẹ́ àti ilé ìwé, kí wọ́n sì máa bá wọn ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ayàwòrán ló ń ya ọnà sí etí lẹ́tà. Ọ̀gá, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn, ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìyá Alámì ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, tó sì ń to àmì sábẹ́ lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é, látìgbà tó jẹ́ pé orí bébà ni wọ́n ń tẹ gbogbo rẹ̀ sí. Orúkọ ìnagijẹ náà ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń fi í pè é.

Ẹ̀dà tuntun yìí dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Bí èèyàn bá fi ìka kan àwọ̀ kan, gbogbo lẹ́tà á yí sí àwọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ṣí ojú-ewé lórí fóònù, á fúnra rẹ̀ ká ara rẹ̀ kó lè gba ibẹ̀. Ọnà etí lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, inú Ayàwòrán ò sì dùn sí ìyẹn rárá. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bọ́tìnnì kan wà lókè lápá ọ̀tún tí wọ́n kọ "Fi àmì sí i" sí lára. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kún ojú-ewé méjì, tí kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀, hu àmì kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

"Ìyá, ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí. "Ohun tó ń gbà yín ní odidi òwúrọ̀."

"Mo rí i, sà. Ṣé ó tọ̀nà?"

"Mo ti dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ó gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mà, ta ló gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nílé ìwé tí wọ́n ní kó tún kíláàsì yẹn ṣe?"

"Lẹ́tà kì í ṣe ìdánwò, sà. Ẹni tí mẹ́ta yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ ò ní mọ̀ pé ìyókù dáa."

Ọ̀gá ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ó ní láti ọ̀la lọ, kí Ìyá Alámì máa jókòó sí iwájú ilé iṣẹ́, kó máa gbé fóònù, kó sì máa ka ímeèlì tó bá wọlé. Tí oṣù bá parí, àwọn á wá wo ohun tó kàn. Ó ní ìsinmi ló yẹ ẹ́. Ìsinmi! Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí kò tíì fi ọ̀pá rìn. Inú bí Ìyá Alámì gan-an, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó kó ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e lọ sí iwájú.

Nílé, bàbá àwọn ọmọ ní kó fara mọ́ ọn. "Fóònù gbígbé ò ní jẹ́ kí ojú máa dùn ọ́ mọ́."

"Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Tábìlì yẹn, n ó padà sídìí ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹgbẹ́ Àwọn Opó Olùkọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn dókítà fẹ́ yẹ ojú wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ sì ti ṣètò àwọn ọkọ̀ tí yóò lọ máa gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Igba obìnrin ó lé mẹ́wàá ni lẹ́tà náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Akọ̀wé wọn tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì kan ṣoṣo sí i, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ," ni Ìyá Alámì bẹ̀bẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà. Ọ̀tunla ni wọ́n ń lọ."

Ọ̀gá mú ọnà olódòdó kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi yí lẹ́tà ká, ó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà bá lọ. Ìyá Alámì ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó kà nìyí:

"Ọkọ yín yóò dé ẹnu ọ̀nà yín ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè múra kí ọkọ yín má baà dúró pẹ́. Bí ọkọ yín kò bá tètè dé, ẹ pè wá, a ó fi òmíràn ránṣẹ́."

Ẹ̀rọ náà ti gbé èyí tó ní táyà jù sílẹ̀, ó mú èyí tó ń sùn tó ń han-run. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Ìyá Alámì. Nígbà tó rántí orúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi tó ń bọ̀ lọ́la," ni obìnrin àkọ́kọ́ wí, "ṣé á ti jẹun kó tó dé, àbí kí n dáná dè é?"

Èkejì ní, "Ẹ má wulẹ̀ fi ti àkọ́kọ́ yọ ara yín lẹ́nu. Mo mọ ìwà ẹ̀. Òmíràn tí ẹ wí yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni kẹta ò bá eré wá. Ọmọbìnrin kan ni. "Ẹ̀yin wo lẹ ń fi òkú bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́? Látàná ni màmá mi ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Alámì kúnlẹ̀ sídìí fóònù bí ẹni pé ọmọ náà ń rí i. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ọkọ̀ la fẹ́ kọ. Ẹ bá wa bẹ màmá."

Ó dìde, ó wọ yàrá Ọ̀gá lọ láìkan ilẹ̀kùn. "Sà, ẹ gbé lẹ́tà yẹn fún mi." Kò sọ pé "Mo ti wí," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àtúnṣe àti ẹ̀bẹ̀ ti lọ bá igba opó ó lé mẹ́wàá, gbogbo ọkọ̀ sì ti padà ní táyà.

"Kò le," ni Ọ̀gá wí, òógùn bò ó lójú. "A ó kọ́ ẹ̀rọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Tó bá ti rí 'oko,' kó máa pè é ní ọkọ̀."

"Tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ bá wá lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, sà? Ṣé ọkọ̀ ni wọ́n á máa ro?"

Síbẹ̀ Ọ̀gá ní kó padà sídìí fóònù, pé àwọn á rò ó. Òun náà ní agídí tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì kan wọlé látọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn opó náà. Ìyá Alámì kà á níwájú, ó sì lọ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá:

"E ku ise o. Mo mo pe oko ni e fe ko. Oko mi ti ku lati odun mejila. Oju ko dun mi, n ko si si lara awon to n lo. Sugbon nigba ti aago mejo lu lana, mo jade, mo duro lenu ona."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ìyá Alámì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá, sà. Ẹ kà á sókè."

Ọ̀gá kà á. Nígbà tó dé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní "ọkọ̀." Nígbà tó dé ẹni tó kú, ohùn náà dúró sí àárín, ó ní "ọkọ mi." Kò ṣi ọ̀kan pè. Ó kà á dé ẹnu ọ̀nà, kò sì lè gbé ojú sókè.

"Ta ló bá yín fi àmì sí i, sà?"

Ọ̀gá mú ọwọ́ kúrò nídìí bọ́tìnnì náà.

"Kí ẹ̀rọ yín máa kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí i, kò burú," ni Ìyá Alámì wí. "Ṣùgbọ́n lẹ́tà kankan ò ní jáde níbí mọ́ tí n kò bá tíì kà á." Kò tọrọ ẹ̀, ó sọ ọ́ ni.

Ọ̀gá mi orí pé òun gbà. Ó wá bi í pé, "Kí la fẹ́ kọ sí màmá yìí báyìí?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó gbé àpò rẹ̀ padà sídìí tábìlì ìgbà àtijọ́. Ó tẹ "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n," ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.