Ilé ni Kí Bàbá Tám Kú Sí

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ ti ń bá Bàbá Tám mí. Òtútù àyà ló gbé e dé ọsibítù, wọ́n sì gbé e sí wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá wọn yóò yè. Ìyá Tám, ìyàwó rẹ̀, tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta pẹ̀lú àwọn ìyàwó mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé.

Iṣẹ́ ìwádìí kan ń lọ ní wọ́ọ̀dù náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń jiyàn: ṣé ọ́síjìn púpọ̀ ló ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ là ni, àbí ìwọ̀nba? Dókítà Quyền sọ fún Ìyá Tám pé ìwọ̀nba ni kèké tí wọ́n fi pín àwọn aláìsàn mú fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ń ṣẹ́ kèké lórí èémí ọkọ mi?"

"Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ ẹ, Ìyá Tám. A ò mọ èyí tó dáa jù. Ká ní a mọ̀ ọ́n ni, a ò ní ṣẹ́ kèké."

Ìyá Tám rò ó wò. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn fún wa kì í sọ pé àwọn ò mọ̀."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án náà, ara Bàbá Tám tún burú sí i. Ìyá Tám ní òun fẹ́ gbé e relé. Nílẹ̀ wọn, ẹni tó bá kú síta, òkú rẹ̀ kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́; abẹ́ tapólì ní àgbàlá ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ẹ̀mí rẹ̀ á sì máa dúró síta wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń jẹun. Bó ṣe rí fún ẹ̀gbọ́n Bàbá Tám nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Tám ti mú kí ìyàwó rẹ̀ búra pé ilé ni òun yóò kú sí.

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta sí i," ni dókítà wí.

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà?"

"Rárá o."

"Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé Bàbá Tám ti kú.

"Ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí," ni Diễm, nọ́ọ̀sì rẹ̀, wí.

"Mo mọ̀. Tẹ́lẹ̀, a máa ń kọ àwọn tí wọ́n gbé relé lọ kú sí ara àwọn tó yè. Iṣẹ́ wa wá dà bíi pé ó ń ṣe ìyanu. Wọ́n jiyàn lé e, wọ́n sì yí òfin padà: òkú la ń kà wọ́n sí báyìí."

Wákàtí méjì ni Diễm fi tẹ àpò rọ́bà tó ń ti atẹ́gùn sínú Bàbá Tám, nínú mọ́tò, àti lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò. Nígbà tí wọ́n délé, bẹ́ẹ̀dì ti wà níwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá, pósí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn aládùúgbò sì ti gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kaná. Diễm yọ rọ́bà tí wọ́n ti kì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún èémí. Gbogbo ilé ń wo àyà rẹ̀.

Bàbá Tám mí. Wọ́n dúró. Ó tún mí.

Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Chín Mót, aládùúgbò wọn, bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé bó ṣe máa ń pẹ́ nìyí?"

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀."

Nígbà tó di wákàtí kan, Bàbá Tám la ojú, ó wo pósí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ni Chín Mót wí.

Diễm pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí wọ́n gbé e padà kíákíá, pé tí kò bá rí ọ́síjìn, kò ní pẹ́ kú.

Ìyá Tám dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ rèé nínú ilé ara rẹ̀. Tó bá dúró, yóò kú síbi tó fẹ́. Tó bá lọ, ó lè yè. Ó sì lè kú lórí odò.

"Ẹ má dà á láàmú mọ́," ni Chín Mót wí. "Ẹran ti ń jinná."

"Jẹ ẹran rẹ, Chín."

Ìyá Tám fa Diễm sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, nínú àwọn tó o máa ń gbé wálé, ṣé kò sí èyí tó kú lójú ọ̀nà rí?"

Diễm wo bàtà rẹ̀. "Ilé ni gbogbo wọn kú sí."

"Gbogbo wọn?"

"Ìyá Tám, tí mo bá ti ń tẹ àpò yẹn, mi ò kì í wo nǹkan mìíràn."

"Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lórí odò ńkọ́?"

"Màá ní kí awakọ̀ yí padà. Mi ò sì ní dáwọ́ dúró títí a ó fi gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì yìí."

"Ó dáa. Ẹ gbé e."

Lórí odò, Diễm bo imú àti ẹnu Bàbá Tám, ó ń tẹ àpò. Ìyá Tám ò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ń wò. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ọwọ́ náà dúró.

"Kí ló dé?" Ìyá Tám di irin ọkọ̀ mú.

"Ó ń ti ọwọ́ mi dànù. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Tám tó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú náà le, bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Máa tẹ̀ ẹ́," ló wí fún Diễm. "A ò tíì dé èbúté."